Ọ̀kan Lókèèrè, Méjì Nítòsí

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi orí jì mí bí mo bá ti ilé tèmi bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ tí òpin rẹ̀ jìnnà sí ilé.

Bí ènìyàn bá wà ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó, tí ó ní òun ń lọ sí Ṣágámù, kò sí awakọ̀ tí yóò bi í pé Ṣágámù wo. Lójú ẹni tó wà lókèèrè, ọ̀kan ṣoṣo ni Ṣágámù: ó ní orúkọ kan, ó ní ibùdókọ̀, ó ní ọjà obì tí a mọ̀ dé Òkè Ọya. Ṣùgbọ́n kí ẹni náà dé ibẹ̀, kí ó sọ fún àgbàlagbà kan pé ọmọ Ṣágámù ni òun, kíá ni yóò gbọ́ ìbéèrè kejì: "Ọmọ Ṣágámù níbo?" Ṣé Òfin ni, níbi tí ààfin Akárìgbò wà? Ṣé Mákùn ni, ṣé Ẹ̀pẹ́, ṣé Ìjagbà? Èmi tí mò ń sọ̀rọ̀ yìí, ọmọ Ibido ni mí. Ibido kì í ṣe àdúgbò tí a dá sílẹ̀ nínú Ṣágámù. Ìlú ni kí Ṣágámù tó wà. Ní ọdún 1872 ni àwọn ìlú Rẹ́mọ mẹ́tàlá kó ara wọn jọ sójú kan, nítorí pé ogun ń jà káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, ìlú kékeré tó bá sì dá wà ni ogun máa ń kó. Òfin wá, Mákùn wá, Ibido wá, àwọn yòókù náà wá, olúkúlùkù pẹ̀lú àwọn olóyè rẹ̀ àti orúkọ rẹ̀. Ó ti lé ní àádọ́jọ ọdún báyìí, a kò sì tíì gbàgbé ẹni tí a jẹ́.

Mo mú ọ̀rọ̀ yìí wá nítorí pé ohun kan wà lójú ọ̀run tí gbogbo ayé pè ní ọ̀kan fún bí ọgbọ̀n ọdún, tí ó wá hàn ní ọdún 2024 pé méjì ni. Bí wọ́n ṣe mọ̀ ọ́n ni ìtàn tí mo fẹ́ sọ lálẹ́ yìí. Mo sì jẹ gbèsè díẹ̀ nínú ìtàn náà, tí n ó san kí n tó dákẹ́.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ gbé ojú sókè. Ní oṣù Fẹ́búárì, bí ọyẹ́ bá ti ń kásẹ̀ nílẹ̀ tí ojú ọ̀run sì mọ́, ẹ jáde sí gbangba láàárín agogo mẹ́sàn-án sí mẹ́wàá alẹ́. Bí wọ́n bá ti mú iná lọ, ó tún dára jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà kan ṣoṣo nìyẹn tí inú kì í bí mi sí òkùnkùn. Ẹ kọjú sí gúúsù, níhà òkun. Ìràwọ̀ kan wà lókè níbẹ̀ tí ó funfun, tí ó ń tàn yanran, tí kò sí ìràwọ̀ mìíràn lóru tó tó o. Òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní Sirius. Samuel Johnson, pásítọ̀ ìlú Ọ̀yọ́, tí ó kọ ìtàn àwọn Yorùbá parí ní ọdún 1897, tí a kò sì tẹ̀ ẹ́ jáde àfi ní 1921 lẹ́yìn ikú rẹ̀, kọ ọ́ sílẹ̀ pé Ìràwọ̀ Ọkọ̀ ni àwọn baba wa ń pè é, nítorí pé àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń fi í mọ ọ̀nà. Ẹ má ṣe ṣì í mú fún Àgùàlà, tí a tún ń pè ní ajá òṣùpá. Àgùàlà lè tàn jù ú lọ, ṣùgbọ́n kì í jìnnà sí ibi tí oòrùn ń wọ̀ tàbí ibi tó ti ń yọ, kì í sì í ṣe ìràwọ̀ rárá. Ayé bíi tiwa ni, tí oòrùn ń tàn sí lára.

Ìràwọ̀ Ọkọ̀ yìí ni ó kọ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ ní ọgbọ́n tí ìtàn wa dúró lé. Ní ọdún 1844, Friedrich Bessel, tí ó ń gbé ní Königsberg nílẹ̀ Prussia ìgbà náà, ṣàkíyèsí pé Ìràwọ̀ Ọkọ̀ kì í rìn tààrà. Gbogbo ìràwọ̀ ló ń rìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jìnnà tó bẹ́ẹ̀ tí a fi rò pé wọ́n dúró sójú kan. Èyí ń rìn, ó ń yà sọ́tùn-ún díẹ̀, ó ń yà sósì díẹ̀, láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tó gbé àtùpà dání lókùnkùn, tí àtùpà náà ń lọ tí ó sì ń fì sẹ́gbẹ̀ẹ́, ẹ lè má rí ewúrẹ́ tí ó fi okùn dì mọ́ ọwọ́ kejì, ṣùgbọ́n ẹ ó mọ̀ pé ohun kan ń fà á. Bessel ní ewúrẹ́ kan wà níbẹ̀. Ó kú ní 1846, kò fojú rí i.

Ní ọjọ́ 31 oṣù Kíní ọdún 1862, ní Massachusetts ní Amẹ́ríkà, Alvan Graham Clark ń dán awò awọ̀nàjíjìn tuntun kan wò tí òun àti bàbá rẹ̀ ṣe, ó sì rí ìràwọ̀ kékeré kan tó fara mọ́ Ìràwọ̀ Ọkọ̀. Níbi tí Bessel sọ ni ó wà. Ní oṣù Kẹta ọdún yẹn gan-an ni ogun Ìbàdàn fọ́ Ìjàyè. Títí di 1865 ni ogun fi wà lẹ́nu odi Ìkòròdú nílẹ̀ Rẹ́mọ tiwa níbí. Nígbà tí mo bá ń ka àwọn ọdún wọ̀nyí pọ̀, mo máa ń rò ó pé àwọn tó ń fi òru sá nínú igbó nígbà náà, ìràwọ̀ yẹn náà ló wà lókè orí wọn. Ọdún mẹ́wàá lẹ́yìn tí Clark rí i ni àwọn ìlú wa kó wọ Ṣágámù.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú èyí ni pé ìwúwo ohun kan lè fi í hàn kí ojú tó rí i.

Nísinsìnyí, ẹ na apá yín tán, kí ẹ di ẹ̀ṣẹ́. Láti ibi tí Ìràwọ̀ Ọkọ̀ wà, ẹ wọn ẹ̀ṣẹ́ kan péré sí apá ọ̀tún, kí ẹ sì bọ́ sísàlẹ̀ díẹ̀. Ẹ kò ní rí nǹkan kan níbẹ̀. Ìràwọ̀ kan wà níbẹ̀ ṣá, ojú lásán ni kò lè rí i. Kò lórúkọ lọ́dọ̀ wa, kò lórúkọ lọ́dọ̀ àwọn Lárúbáwá tí wọ́n sọ ọ̀pọ̀ ìràwọ̀ lórúkọ. Nọ́ńbà ni ó ní: Gliese 229. Wilhelm Gliese, ará Jámánì, ni ó tẹ ìwé kan jáde ní ọdún 1957 tí ó to àwọn ìràwọ̀ tó súnmọ́ wa sínú rẹ̀, wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ẹgbẹ̀rún kan, ó sì fún olúkúlùkù ní nọ́ńbà bí a ṣe ń kọ orúkọ ọmọ sínú rẹ́jísítà ní ilé ìwé.

Ìmọ́lẹ̀ a máa sáré 300,000 kìlómítà ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Láti inú oòrùn, ó ń gbà á ní ìṣẹ́jú mẹ́jọ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Láti Gliese 229, ó ń gbà á ní ọdún 19 ó dín díẹ̀. Èyí tó bá dé lálẹ́ òní, nígbà tí àwọn ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ kọ́lẹ́ẹ̀jì wa wà ní ọmọ ọwọ́ ló gbéra. Lójú àwọn onímọ̀ ìràwọ̀, aládùúgbò ni ẹni tó bá súnmọ́ tó bẹ́ẹ̀.

Irú ìràwọ̀ tí Gliese 229 jẹ́ ni wọ́n ń pè ní aràrá pupa. Ó kéré sí oòrùn, ìwọ̀n rẹ̀ lé díẹ̀ ní ìdajì ti oòrùn, kò gbóná tó o, ó sì pupa bí ẹyin iná. Bí a bá ka ìràwọ̀ mẹ́rin, bí mẹ́ta nínú wọn ni aràrá pupa. Síbẹ̀ kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tí a lè fi ojú lásán rí dáadáa. Àwọn tó pọ̀ jù ládùúgbò ni a kì í rí. N kò ní sọ̀rọ̀ kọjá bẹ́ẹ̀ lórí ìyẹn.

Kí ni ó ń mú ìràwọ̀ tàn? Ìwúwo rẹ̀ ni. Ara ìràwọ̀ ń tẹ inú rẹ̀ mọ́lẹ̀, inú náà ń gbóná títí háídírójìn tó wà níbẹ̀ yóò fi máa yí padà di hílíọ́mù, ìyẹn ni iná tí kì í kú fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà mílíọ̀nù ọdún. Ní nǹkan bí ọdún 1962, Shiv Kumar, ọmọ Íńdíà tó ń ṣiṣẹ́ ní Amẹ́ríkà, jókòó ti ìṣirò, ó bi ara rẹ̀ léèrè pé èyí tí ìwúwo rẹ̀ kò bá tó ńkọ́? Ó rí i pé ààlà kan wà. Lónìí, a mọ̀ pé bí ohun kan kò bá wúwo tó nǹkan bí Júpítà 75, iná rẹ̀ kò ní ràn. Júpítà ni ó tóbi jù nínú àwọn ayé tó ń yí oòrùn wa po. Òun nìkan wúwo tó ayé wa yìí lọ́nà 318. Ohun tí kò bá dé ààlà náà yóò gbóná nígbà tí a bí i, nítorí ìfúnpọ̀ tí ó fún ara rẹ̀ pọ̀, lẹ́yìn èyí yóò máa tutù lọ díẹ̀díẹ̀ bí ìkòkò tí a gbé kúrò lórí iná. Ó ju pílánẹ́ẹ̀tì lọ, kò sì tó ìràwọ̀. Ní 1975, obìnrin onímọ̀ kan, Jill Tarter, fún wọn lórúkọ tí a lè pè ní aràrá rúsúrúsú ní èdè wa.

Orúkọ wà, ìṣirò wà, ohun náà fúnra rẹ̀ ni ẹnikẹ́ni kò rí. Wọ́n wá a fún ọgbọ̀n ọdún. Ní 1985 àwọn kan kéde pé àwọn ti rí ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ aràrá pupa mìíràn. Àwọn ẹlòmíràn gbé awò wọn síbẹ̀, wọn kò bá nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wò ó bí iwin, tí gbogbo ènìyàn gbọ́ ìtàn rẹ̀ tí kò sí ẹni tó pàdé rẹ̀.

Ìṣòro wọn ni ìmọ́lẹ̀ ìràwọ̀ tí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ẹnì kan bá tan tọ́ọ̀ṣì sí yín lójú, tí tanátaná kan wà létí ọwọ́ rẹ̀, ẹ kò ní rí tanátaná náà. Ohun tí ẹ ó ṣe ni pé kí ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo tọ́ọ̀ṣì. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni Tadashi Nakajima, Shrinivas Kulkarni, Rebecca Oppenheimer tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà náà, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣe lórí òkè Palomar ní Kalifóníà. Wọ́n fi ohun kékeré kan dí ojú ìràwọ̀ náà nínú awò, wọ́n sì wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 27 oṣù Kẹwàá 1994, wọ́n rí àmì kan tí kò tàn púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gliese 229.

Àwọn ènìyàn yìí kò pariwo, mo sì fẹ́ràn wọn nítorí rẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé ìràwọ̀ tó jìnnà réré lè wà lẹ́yìn Gliese 229 kí ó sì dà bí ẹni pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, bí òpó iná ojú títì ṣe lè dà bí ẹni pé ó hù jáde lórí ilé ẹlòmíràn. Gliese 229 ń rìn. Bí èyí bá jẹ́ ẹnìkejì rẹ̀ lóòótọ́, yóò bá a rìn. Wọ́n dúró fún ọdún kan gbáko. Nígbà tí wọ́n tún wò ó ní 1995, àwọn méjèèjì ti jọ sún. Wọ́n gbé awò ńlá Palomar sí i, èyí tí dígí rẹ̀ fẹ̀ tó mítà márùn-ún, wọ́n sì rí mẹ́tẹ́ènì nínú ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, gáàsì kan náà tó máa ń hó jáde nínú ẹrẹ̀ irà níbi tí ewé bá ti rà. Mẹ́tẹ́ènì kì í dúró lára ìràwọ̀. Ooru ìràwọ̀ á fọ́ ọ túútúú. Júpítà ní i. Ohun tí kò gbóná tó ẹgbẹ̀rún ìwọ̀n Celsius nìkan ni ó lè ní i báyẹn. Wọ́n kéde rẹ̀ ní ìpàdé kan ní Florence nílẹ̀ Ítálì ní oṣù Kẹwàá 1995, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé ìròyìn Nature ní oṣù Kọkànlá. Ìpàdé yẹn náà ni Michel Mayor àti Didier Queloz ti kéde pílánẹ́ẹ̀tì àkọ́kọ́ tó ń yí ìràwọ̀ tó dà bí oòrùn po. Irú ọ̀sẹ̀ yẹn kì í wọ́pọ̀.

Wọ́n pe ohun tuntun náà ní Gliese 229 B. Láti ìgbà náà, òun ni ó wà nínú gbogbo ìwé ẹ̀kọ́: aràrá rúsúrúsú tí a kọ́kọ́ rí tí kò sí àríyànjiyàn kankan lórí rẹ̀ mọ́.

Ó ku kí a dá a wọ̀n. Lákọ̀ọ́kọ́, wọ́n fojú díwọ̀n rẹ̀ láti ara ìmọ́lẹ̀ rẹ̀, wọ́n ní yóò wà láàárín Júpítà 20 sí 50. Ṣùgbọ́n ìyẹn kì í ṣe òṣùwọ̀n. Ẹni tó bá ń ra obì ní Ṣágámù mọ̀ pé fífi ojú wo apẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí gbígbé e. Láti gbé e wò, àfi kí a ṣe bíi ti Bessel, kí a wo bí ó ṣe ń fa ìràwọ̀ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Nǹkan bí ọdún 250 ni Gliese 229 B ń lò láti yí ìràwọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ìfà yìí kéré, ó sì falẹ̀. Àwọn ará Yúróòpù ti rán ẹ̀rọ kan tó ń jẹ́ Hipparcos sójú ọ̀run ní 1989 láti wọn ibi tí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan wà. Wọ́n tún rán èkejì, Gaia, ní 2013. Timothy Brandt àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ti àkọ́kọ́ wé ti ìkejì, wọ́n wo bí ìràwọ̀ náà ṣe yà kúrò lójú ọ̀nà láàárín àkókò náà. Ní 2021 wọ́n mú iye kan jáde tí ó dájú: Júpítà 71.

Ibí yìí ni gbèsè tèmi ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ọdún 2022, mò ń kọ́ àwọn ọmọ ọdún kejì ní sáyẹ́ǹsì, mo sì sọ ìtàn Gliese 229 fún wọn gẹ́gẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ fún yín dé ibi tí a dé yìí. Mo kọ ọ́ sára pátákó: Júpítà 71. Mo ní kí wọ́n dà á kọ sínú ìwé. Ọmọbìnrin kan nawọ́ sókè láti ẹ̀yìn kíláàsì. Ọmọ Ibido bíi tèmi ni. Ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀kọ gbígbóná láràárọ̀, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ní ìsọ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ ní ohun yìí kò ní iná nínú, ooru tí wọ́n fi bí i ló ń tán lọ."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Ẹ sì ní ó wúwo gan-an ni."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

"Sà, ìkòkò ẹ̀kọ ńlá tí màmá mi ń gbé lọ sọ́jà, ó máa ń gbóná títí di agogo mẹ́wàá. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n bá bù ú sí kékeré méjì, kó tó di agogo mẹ́jọ ó ti ń tutù. Ẹ̀kọ kan náà ni, kò dín. Bí ohun yìí bá wúwo tó báyìí, tó sì ti tutù tó báyìí, ṣé kì í ṣe ìkòkò méjì ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, kí n má parọ́. Mo ní ìràwọ̀ kì í ṣe ẹ̀kọ. Mo ní àwọn tó ní awò tó ga ju ilé ìjọsìn wa lọ ti ń wò ó láti ọdún 1994, ọ̀kan ni wọ́n rí, kí ó dà á kọ bó ṣe wà lára pátákó. Nígbà ìdánwò, ó kọ ọ́ pé: "Júpítà 71, ó sì lè jẹ́ méjì." Mo fi yíǹkì pupa fa igi lé ìdajì kejì gbólóhùn náà lórí, mo yọ máàkì kan.

Ohun tí n kò mọ̀, tí ó sì yẹ kí n mọ̀, ni pé ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ló ń da àwọn onímọ̀ fúnra wọn láàmú. Ohun tó wúwo tó Júpítà 71 fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìràwọ̀. Ooru rẹ̀ pọ̀, kì í sì í tètè tán. Bí ó bá jẹ́ ọmọ ọjọ́ orí ìràwọ̀ tí ó ń yí po, ó yẹ kí ó tàn ju bí wọ́n ṣe rí i lọ dáadáa. Àwọn kan ti kọ ọ́ sínú ìwé wọn pé bóyá méjì ni wọ́n. Mo ti ka nọ́ńbà, n kò ka àwọn gbólóhùn tó yí i ká.

Ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹwàá ọdún 2024, Jerry Xuan, akẹ́kọ̀ọ́ ní Caltech ní Kalifóníà, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ èsì wọn sínú Nature. Rebecca Oppenheimer wà lára wọn, ẹni tí ó jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ rí ohun náà. Wọ́n lo àwọn awò mẹ́rin tó wà nínú aṣálẹ̀ nílẹ̀ Chile, tí wọ́n so ìmọ́lẹ̀ wọn pọ̀ tí gbogbo wọn fi ń ríran bí awò kan ṣoṣo tó tóbi rékọjá. Ẹ wo nǹkan: mẹ́rin ní láti di ọ̀kan kí ọ̀kan tó lè di méjì. Wọ́n rí ìkòkò méjì. Ọ̀kan wúwo tó Júpítà 38, èkejì tó Júpítà 34. Ọjọ́ 12 péré ni wọ́n fi ń yí ara wọn po, àlàfo tó wà láàárín wọn sì jẹ́ bí ìlọ́po 16 àlàfo ayé àti òṣùpá. Àwọn ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n lo awò Keck ní Hawaii rí irú èsì kan náà. Ẹ ro 38 pọ̀ mọ́ 34. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ iye tí mo kọ sára pátákó. Nọ́ńbà mi kò burú. Ohun tí mo pa lórí pẹ̀lú yíǹkì pupa ni òótọ́ tó kù.

Ó lè ya yín lẹ́nu pé ọgbọ̀n ọdún kọjá kí ẹnikẹ́ni tó rí àlàfo àárín wọn. Ká ní a gbé ẹyin iná méjì kalẹ̀ ní Kánò, níbi tí obì wa ń lọ, tí àlàfo wọn kò ju ìbú ìka méjì lọ, kí ẹnì kan wá dúró ní Ibido kí ó sọ pé òun fẹ́ ya ọ̀kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì. Bí iṣẹ́ náà ṣe rí nìyẹn. Ojú kò lè ṣe é fún ìgbà pípẹ́. Ìwúwo ló kọ́kọ́ tú wọn fó, bí ó ṣe tú ẹnìkejì Ìràwọ̀ Ọkọ̀ fó ní 1844.

Wọ́n sọ wọ́n lórúkọ o: Gliese 229 Ba àti Gliese 229 Bb. N kò ní pè é ní orúkọ àmútọ̀runwá. A ní Táíwò àti Kẹ́hìndé nílẹ̀ yìí, a kò bá ti yá wọn bí wọ́n bá béèrè. A mọ̀ pé bí orúkọ bá dé ọwọ́ wa, a kì í fi ṣòfò. Ní ọdún 2019, nígbà tí ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìràwọ̀ gbogbo ayé ń ṣe ọgọ́rùn-ún ọdún, wọ́n fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní ìràwọ̀ kan láti sọ lórúkọ. Ti Nàìjíríà ni HD 43197, tí ó wà ní bí ẹ̀ṣẹ́ kan ó dín díẹ̀ sísàlẹ̀ Gliese 229, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó jìnnà réré jù ú lọ. Amadioha ni wọ́n sọ ọ́, orúkọ òrìṣà àrá àwọn ará Ìgbò. Pílánẹ́ẹ̀tì tó ń yí i po, tí wọ́n rí ní 2010 nítorí pé ó ń fa ìràwọ̀ rẹ̀, ni wọ́n pè ní Equiano, ní ìrántí Olaudah Equiano tí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ìtàn oko ẹrú fún àwọn òyìnbó nínú ìwé ní 1789. Ojú lásán kò lè rí Amadioha náà.

Ọmọbìnrin tí mò ń sọ ti ń ṣe olùkọ́ báyìí; àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ó ń kọ́. Nígbà tí mo ka ìròyìn náà, mo wá nọ́ńbà rẹ̀, mo tẹ̀ ẹ́ láago. Ó kọ́kọ́ rò pé ẹnì kan ló kú. Mo ní rárá, mo ní mo jẹ ọ́ ní máàkì kan láti ọdún 2022, méjì ni wọ́n lóòótọ́. Ó dákẹ́ díẹ̀. Ó wá ní, "Ẹ ṣé gan-an, sà. Màmá mi yóò gbọ́." A sọ̀rọ̀ pẹ́. Mo ka iye náà fún un, 38 àti 34, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Mo sọ ti Amadioha àti Equiano fún un pẹ̀lú, kí ó lè sọ ọ́ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ní kíláàsì.

Ó ní, "Sà, Equiano yẹn, báwo ló ṣe wúwo tó? Ta ló gbé e wò?"

Mo ní ọ̀nà tí wọ́n fi rí i kò lè sọ ju iye tí kò lè dín sí lọ: ó kéré tán, ó wúwo ju ìdajì Júpítà lọ díẹ̀.

Ó ní, "Iye tí kò lè dín sí. Ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ nìyẹn."

Mo ní ó lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní òun yóò kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ sára pátákó.